Máákà nínú àtúnṣe ohùn oní-tíráàkì púpọ̀: ìbéèrè àti ìdáhùn

Fífi máákà sílẹ̀, ìyẹn àmì tó ń tọ́ka sí ibì kan nínú ohùn, kò le. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ni. Ibi tí máákà so mọ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ohun tó bá so mọ́ ni yóò bá lọ nígbà tí ẹ bá gé ohùn, tí ẹ sún un, tàbí tí ẹ kó o jáde. Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbéèrè yìí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí. REAPER, Audition, Audacity, Pro Tools àti Ardour tí a ó dárúkọ jẹ́ sọ́fítíwíà àtúnṣe ohùn. A kọ àwọn bọ́tìnnì bí wọ́n ṣe wà lórí Windows kí ẹnikẹ́ni tó yí wọn padà. Lórí Mac, Cmd ló sábà máa ń dípò Ctrl.

Kí ni máákà wà fún?

Ó ń bá yín rántí ibi tí nǹkan wà. Nínú iṣẹ́ wákàtí kan tó ní tíráàkì mẹ́jọ, ìyẹn ìlà ohùn mẹ́jọ tó ń lọ pa pọ̀, kò sẹ́ni tó lè kàn wo àwòrán ìró kó sọ ibi tí ẹnìkan ti wúkọ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ fi máákà síbẹ̀, kò ní sọnù mọ́. Máákà kì í fọwọ́ kan ohùn fúnra rẹ̀: kì í gé e, kì í yí i padà, kì í sì í dún nínú ohun tí ẹ bá kó jáde. Ẹ má bẹ̀rù láti fi púpọ̀ sílẹ̀.

Ṣé irú kan náà ni gbogbo máákà?

Rárá o, ibí yìí ló sì yẹ kí ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Máákà kan wà tó so mọ́ ìlà àkókò iṣẹ́ yín. Bí ẹ bá fi í sí ìṣẹ́jú 5, ìṣẹ́jú 5 ni yóò máa wà, ẹ ìbáà kó gbogbo kílíìpù (ègé ohùn lórí tíráàkì) tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn. Ó dára fún ètò iṣẹ́: ibi tí ìfáárà ti parí, ibi tí ègbè ti wọlé, ibi tí abala kejì ti bẹ̀rẹ̀.

Òmíràn so mọ́ kílíìpù. REAPER ń pè é ní take marker. Ẹ fa kílíìpù síwájú, yóò bá a lọ; ẹ ṣe ẹ̀dà kílíìpù, yóò wà nínú ẹ̀dà náà pẹ̀lú. Ó dára fún ohun tó jẹ́ ti ohùn gan-an: àṣìsọ, ariwo ìlẹ̀kùn, gbólóhùn tó dùn tí ẹ fẹ́ lò níwájú.

Ẹ̀kẹta wà nínú fáìlì ohùn. Nínú Audition, máákà tí ẹ bá fi sínú fáìlì ní Waveform Editor (ibi tí a ti ń tún fáìlì kan ṣoṣo ṣe) yóò hàn lórí kílíìpù rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e wá sínú Multitrack (ibi tí a ti ń to tíráàkì púpọ̀ pọ̀). Bí ẹ bá lo fáìlì kan náà nínú iṣẹ́ márùn-ún, máákà rẹ̀ yóò bá a dé gbogbo wọn. Pro Tools tún ní tirẹ̀ láti ẹ̀dà 2023.6: máákà tó jókòó lórí tíráàkì kan ṣoṣo, yàtọ̀ sí èyí tó wà lókè fún gbogbo iṣẹ́.

Ohun tí a máa ń sọ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kí wọ́n bi ara wọn léèrè kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì: “Bí mo bá sún kílíìpù yìí, ṣé mo fẹ́ kí máákà tẹ̀lé e?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò yẹ kó wà lórí ìlà àkókò.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín máákà àti region?

Máákà jẹ́ ojú kan. Region ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin. Audacity ń pe méjèèjì ní label: bí ẹ kò bá yan àlàfo kankan kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ojú kan ni, bí ẹ bá yan àlàfo, yóò na láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin rẹ̀. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pín ohùn sí fáìlì púpọ̀ ni èyí tó ní òpin wúlò jù.

Bọ́tìnnì wo ni mo máa tẹ̀?

Nínú REAPER, M ni. Bí ẹ bá fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, Shift+M. Shift+R ń sọ àlàfo tí ẹ bá yàn di region. Bọ́tìnnì [ àti ] ń gbé yín lọ sí máákà tó wà lẹ́yìn àti èyí tó wà níwájú, nọ́ńbà 1 sí 9 sì ń gbé yín lọ tààrà sí máákà tó ń jẹ́ nọ́ńbà yẹn.

Nínú Audition náà, M ni. Alt+8 ń ṣí pánẹ́ẹ̀lì Markers. Audacity ń lo Ctrl+B fún ibi tí kọ́sọ̀ wà tàbí àlàfo tí ẹ yàn, àti Ctrl+M fún ibi tí ohùn ń dún lọ́wọ́. Nínú Pro Tools, ẹ tẹ Enter tó wà lára àwọn nọ́ńbà apá ọ̀tún kíbọ́ọ̀dù. Láti padà sí máákà 7, ẹ tẹ àmì ìdánudúró, 7, àti àmì ìdánudúró, ní apá kan náà. Ardour ń lo Tab.

Bí kọ̀ǹpútà alágbèéká yín kò bá ní nọ́ńbà apá ọ̀tún, ẹ fi bọ́tìnnì mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú ètò ìṣàtúntò bọ́tìnnì. Ó tọ́ kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe èyí. Ẹni tó ń fi mouse wá máákà nínú àkójọ àṣẹ kì í pẹ́ pa iṣẹ́ náà tì.

Mò ń tẹ̀ ẹ́ bí ohùn ṣe ń lọ, àmọ́ máákà máa ń jókòó lẹ́yìn ibi tí mo fẹ́. Kí ló fà á?

Ọwọ́ yín ló kọ́kọ́ fà á. Láti ìgbà tí etí bá gbọ́ nǹkan títí ìka yóò fi sọ̀kalẹ̀, ó máa ń gba nǹkan bíi 200 sí 250 mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá. A ó máa kọ mílísẹ́kọ́ńdì ní ms láti ibí lọ. Kọ̀ǹpútà náà lè fi tirẹ̀ kún un: buffer (ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó gbé e jáde) tó jẹ́ 1,024 sample, ìyẹn ẹyọ ìwọ̀n ohùn, ní 48,000 Hz (sample 48,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan) jẹ́ 21 ms. Bí ẹ bá ń fi ẹ̀rọ etí Bluetooth gbọ́ ọ, ìfàsẹ́yìn lè ju 100 ms lọ fúnra rẹ̀. Ẹ lo ẹ̀rọ etí onílà fún iṣẹ́ yìí.

Kò sí ọgbọ́n tó lè mú ìka yára ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí náà ẹ pín iṣẹ́ sí méjì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí ohùn máa lọ, ẹ máa tẹ M láìdúró, ẹ má bìkítà bó bá pẹ́ díẹ̀. Nígbà kejì, ẹ dá ohùn dúró, ẹ sún àwòrán ìró mọ́ra títí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ fi hàn kedere, kí ẹ sì fa máákà kọ̀ọ̀kan padà síbi tó tọ́. Bí gbogbo wọn bá pẹ́ ní ìwọ̀n kan náà, ẹ lè kó gbogbo wọn padà sẹ́yìn pọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo bíi márùn-ún nínú wọn, torí ìka kì í pẹ́ bákan náà nígbà gbogbo.

Ẹ tún kíyè sí snap. Bó bá wà ní títàn, máákà yóò máa fò mọ́ ìlà tó súnmọ́ ọn jù. Fún orin, ìyẹn lè wúlò. Fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ pa á.

Mo gé ìṣẹ́jú kan kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀, àmọ́ gbogbo máákà mi ṣì wà níbi tí wọ́n wà. Ṣé iṣẹ́ mi ti bàjẹ́ nìyẹn?

Kò tíì bàjẹ́. Ẹ tẹ Ctrl+Z kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ gé kílíìpù, ẹ kò gé àkókò. Ohùn sún síhà ìbẹ̀rẹ̀ láti dí àlàfo náà, ìlà àkókò kò sì mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Máákà tó so mọ́ ìlà àkókò ṣe ohun tó yẹ kó ṣe: ó dúró. Ẹ ní láti lo irú gígé tó ń mú àkókò fúnra rẹ̀ kúrò.

Nínú REAPER, ripple editing (gígé tó ń fa ohùn tó kù wá dí àlàfo) ní ipò mẹ́ta: pípa, fún tíráàkì kọ̀ọ̀kan, àti fún gbogbo tíráàkì. Ẹ̀kẹta nìkan ló ń kó máákà àti region lọ pẹ̀lú ohùn. Ọ̀pọ̀ ń lo ti tíráàkì kọ̀ọ̀kan nítorí pé bọ́tìnnì kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ láti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n á sì máa rò pé sọ́fítíwíà ló ń ṣe wọ́n. Ẹ wo àwòrán bọ́tìnnì náà dáadáa kí ẹ tó gé.

Nínú Audacity 3, ẹ lọ sí Tracks, kí ẹ tan Sync-Lock Tracks. Label tíráàkì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àwọn tíráàkì ohùn tó bá wọn lọ, torí bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni ètò náà fi ń mọ àwọn tó jẹ́ ẹgbẹ́. Bí label bá wà lókè ohùn, kò ní tẹ̀lé e.

Nínú Pro Tools, ẹ lo Cut Time, tó wà lábẹ́ Event, ní Time Operations.

Ẹ kíyè sí ewu kan: gígé àkókò ń kan gbogbo tíráàkì. Bí orin bá ń lọ lábẹ́ ọ̀rọ̀, yóò gé orin náà pẹ̀lú, yóò sì fò. Nítorí náà, ẹ parí gígé ọ̀rọ̀ kí ẹ tó gbé orin sílẹ̀. Bí orin bá ti wà níbẹ̀, ẹ mú un kúrò ná, kí ẹ fi máákà kan sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì dá a padà lẹ́yìn náà.

Mo yí tempo (ìyára ìlù) padà, máákà mi sì sá kúrò lórí ọ̀rọ̀.

Máákà yín ń ka ìlù, kò ka àkókò. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ní tempo 120 pẹ̀lú ìlù mẹ́rin nínú báà kan, báà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 2, báà 31 sì bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 60. Ẹ yí tempo sí 100, báà kan di ìṣẹ́jú àáyá 2.4, báà 31 sì di ìṣẹ́jú àáyá 72. Máákà tó ka ìlù yóò lọ sí 72. Ọ̀rọ̀ tí ẹ gbà sílẹ̀ yóò dúró sí 60.

Pro Tools ń bi yín nígbà tí ẹ bá ń dá máákà sílẹ̀: ẹ yan Absolute fún ọ̀rọ̀, kí ẹ yan Bar|Beat fún orin. REAPER ní ìṣètò yìí nínú Project Settings, níbi timebase fún máákà. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ọ̀rọ̀ nìkan, ẹ fi í sí àkókò láti ọjọ́ kìíní.

Orúkọ wo ló yẹ kí n fún máákà?

Orúkọ tí ẹlòmíràn lè kà kó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. “Máákà 14” kò sọ nǹkan kan. “GÉ: ó wúkọ́” sọ ohun gbogbo. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ṣáájú, GÉ, TÚN GBỌ́, ARIWO, LÒ Ó, kí ẹ lè to wọn tẹ̀lé orúkọ nínú àkójọ máákà kí gbogbo GÉ wà pa pọ̀. Àwọ̀ náà dára, àmọ́ àwọ̀ kì í bá máákà dé sọ́fítíwíà mìíràn nígbà gbogbo, orúkọ ló sábà máa ń dé.

Ọ̀rọ̀ nípa àmì ohùn: nínú iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹ kọ Yorùbá tàmì-tàmì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí orúkọ máákà yóò bá lọ sínú fáìlì WAV, ẹ dán an wò pẹ̀lú máákà méjì ná. Ibi tí WAV ń kó orúkọ máákà sí ti wà kí UTF-8 (ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ lẹ́tà gbogbo èdè) tó gbilẹ̀, sọ́fítíwíà kan sì lè ka ẹ̀, ọ̀ àti ṣ di àwọn àmì tí kò nítumọ̀.

Báwo ni mo ṣe ń fi máákà to ohùn láti ẹ̀rọ méjì pọ̀?

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ méjèèjì máa gbà á sílẹ̀ ná, kí ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan gan-an gan-an. Kí ẹ tó pa wọ́n, ẹ tún pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Àtẹ́wọ́ ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé, òun ló sì ṣe pàtàkì jù nínú iṣẹ́ gígùn.

Ẹ gbé ohùn méjèèjì sórí tíráàkì méjì. Ẹ fi take marker sí orí àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ nínú kílíìpù kọ̀ọ̀kan, ní ibi tí àwòrán ìró ti kọ́kọ́ fò sókè, kì í ṣe ibi tó ga jù. Ẹ fa kílíìpù kejì títí máákà méjèèjì yóò fi bára mu. Kí àtẹ́wọ́ náà súnmọ́ àwọn máìkì méjèèjì bákan náà, torí ohùn ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan: máìkì tó jìnnà ní mítà 10 yóò gbọ́ àtẹ́wọ́ ní 29 ms lẹ́yìn.

Ní báyìí, ẹ wo àtẹ́wọ́ ìkẹyìn. Ó ṣeé ṣe kó má bára mu. Aago inú ẹ̀rọ méjì kì í sáré dọ́gba. Ẹ jẹ́ ká sọ pé láàárín àtẹ́wọ́ méjèèjì, ẹ̀rọ A ka ìṣẹ́jú àáyá 3,600.000, ẹ̀rọ B sì ka 3,600.180. Ìyàtọ̀ 180 ms nìyẹn, etí yóò sì gbọ́ ọ bí ìró tó ń dún lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà méjì ló wà.

Èkíní: ẹ mú B yára díẹ̀. 3,600.180 ÷ 3,600 jẹ́ 1.00005. Nínú REAPER, ẹ yan kílíìpù B, ẹ tẹ F2, ẹ kọ 1.00005 síbi playback rate, kí ẹ sì pa preserve pitch (ètò tó ń pa gíga ohùn mọ́). Ìyípadà nínú gíga ohùn kéré débi pé kò sí etí tó lè gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ sì ni pípa á ń yọ yín nínú ìbàjẹ́ tí ìfàgùn ohùn máa ń fà.

Èkejì: ẹ gé B ní ibi ìdákẹ́jẹ́ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, kí ẹ máa fa ìpín kọ̀ọ̀kan padà síhà ìbẹ̀rẹ̀ ní 30 ms ju ti ìṣáájú rẹ̀ lọ. Ó dára fún ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹ má ṣe é fún orin, kò sí ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Mo gé síbi máákà gan-an, ó wá ń dún “tá”.

Ìgbì ìró náà wà lókè tàbí nísàlẹ̀ òdo níbi tí ẹ ti gé e, nítorí náà ó fò lójijì. Ẹ fi crossfade (ohùn kan ń lọlẹ̀ bí èkejì ṣe ń wọlé) 5 sí 10 ms sí ojú gígé, ìyẹn tó fún ọ̀rọ̀. Bí ìró rírẹlẹ̀ bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ gùn ún díẹ̀ sí i: ìgbì 50 Hz kan ṣoṣo ń gba 20 ms, fade tó bá kúrú jù ú lọ lè dún bí ẹni lu pákó.

Àwọn kan ń gbé máákà lọ síbi tí ìgbì ti kọjá òdo. Z ló ń ṣe é nínú Audacity. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ohùn mono. Nínú stẹ́rẹ́ò, apá òsì àti apá ọ̀tún kì í sábà kọjá òdo nígbà kan náà, nítorí náà crossfade la fọkàn tán jù.

Báwo ni mo ṣe ń fi máákà pín ohùn gígùn sí fáìlì púpọ̀?

Nínú Audacity láti ẹ̀dà 3.4, ẹ lọ sí File, Export Audio, kí ẹ yan Multiple Files, kí ẹ sì ní kó pín in pẹ̀lú label. Label ojú kan ń gba gbogbo ohùn títí dé label tó tẹ̀lé e. Ohùn tó wà ṣáájú label àkọ́kọ́ kò ní jáde àfi tí ẹ bá sọ pé kó fi í kún un, ìdí nìyẹn tí ìfáárà fi máa ń sọnù.

Nínú REAPER, ẹ fi region bo apá kọ̀ọ̀kan, ẹ ṣí Render (ibi ìkójáde), ẹ yan Project regions níbi Bounds, kí ẹ kọ $region síbi orúkọ fáìlì. Nínú Audition, ẹ yan àwọn máákà tó ní òpin nínú pánẹ́ẹ̀lì Markers, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì tó ń kó wọn jáde sí fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Orúkọ máákà yóò di orúkọ fáìlì, nítorí náà ẹ má lo / : ? * tàbí àmì àyọlò nínú rẹ̀. Windows kò gbà wọ́n. Ẹ fi 01, 02, 03 ṣáájú. Bí ẹ bá kọ 1, 2, 3, fáìlì 10 lè wá jókòó ṣáájú 2.

Mo kó o jáde, máákà sì pòórá.

Fáìlì WAV lè gbé máákà: apá kan nínú rẹ̀ ń kó ipò wọn sí, apá mìíràn ń kó orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ní láti ní kí sọ́fítíwíà kọ wọ́n sínú rẹ̀. Audition ní àpótí Include Markers and Other Metadata nígbà ìkójáde. REAPER ní àkójọ yíyàn lábẹ́ WAV nínú Render. Sọ́fítíwíà kan lè ka ipò láìka gígùn, region yín á wá di ojú kan lásán.

MP3 kò ní ibi tí a ń kó irú máákà yìí sí bíi ti WAV. Ó lè gbé àmì orí (chapter) nínú ID3v2, apá tó ń kó ìsọfúnni nípa fáìlì MP3 sí, iṣẹ́ tí a máa ń ṣe ní ìkẹyìn pẹ̀lú irinṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má ṣe tún ohùn ṣe nínú MP3 bí ẹ bá lè yẹra fún un. Fífún ohùn pọ̀ sí MP3 ń fi ìdákẹ́jẹ́ kékeré kún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bíi 25 ms ní 44,100 Hz, bí ẹ̀rọ tó ń ṣí i kò bá yọ ọ́, gbogbo máákà á pẹ́ ní ìwọ̀n yẹn.

Mo ṣí i nínú sọ́fítíwíà mìíràn, máákà kò sí níbi tó yẹ, ó sì ń burú sí i bó ṣe ń lọ.

Sample rate ni, ìyẹn iye sample tó wà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú WAV, iye sample ni a fi ń ka ipò máákà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Máákà ìṣẹ́jú 10 ní 44,100 Hz jẹ́ sample 26,460,000. Ẹ ka iye yẹn bíi 48,000 Hz, ó di ìṣẹ́jú 9 àti ìṣẹ́jú àáyá 11.25. Bí àṣìṣe bá ń pọ̀ sí i déédéé, ẹ wo sample rate fáìlì àti ti iṣẹ́ yín. Bó bá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì ni wọ́n sún.

CD ńkọ́?

CD ń pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí férémù 75, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sample 588. Máákà orin gbọ́dọ̀ bọ́ sí ojú férémù, ó sì lè sún tó 13 ms bí kò bá sí níbẹ̀. Ẹ fi í sínú ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ ṣáájú ohùn, ẹ má fi í sórí ohùn gan-an. Tíráàkì kò gbọ́dọ̀ kúrú ju ìṣẹ́jú àáyá 4 lọ, wọn kò sì gbọ́dọ̀ ju 99 lọ.

Ṣé mo lè pa máákà mọ́ síta iṣẹ́?

Ẹ ṣe é. Nínú Audacity, Export Labels ń kọ fáìlì ọ̀rọ̀ lásán: ìbẹ̀rẹ̀, òpin àti orúkọ lórí ìlà kan, Tab ló wà láàárín wọn, ìṣẹ́jú àáyá sì ni ìwọ̀n àkókò wọn. Fún ojú kan, ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin jẹ́ nọ́ńbà kan náà. REAPER ń kọ tirẹ̀ sí CSV (fáìlì ọ̀rọ̀ tí a tò bíi tábìlì) láti inú Region/Marker Manager. Bí ẹ bá tún un ṣe nínú sọ́fítíwíà mìíràn, ẹ fi í pamọ́ bí UTF-8, kí ẹ má jẹ́ kí Tab di àlàfo lásán, torí ẹyọ àlàfo kan tó bá dípò Tab lè mú kí Audacity má gba ìlà náà wọlé. Ẹ kó fáìlì yìí jáde kí ẹ tó ṣe gígé ńlá kankan, kí ẹ kọ ọjọ́ sí orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì fi í sínú fódà kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ yín.